Ìbéèrè Yín: Dókítà Mẹ́ta, Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Lórí Ẹsẹ̀ Ọmọ Kan

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 2 àti oṣù 5. Ó pé oṣù 20 kí ó tó rìn, títí di ìsinsìnyí, orí ìka ni ó fi ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, ó sì máa ń ṣubú bí ó bá ń sáré. Dókítà àwọn ọmọdé ní kí a fọkàn balẹ̀, pé yóò fi í sílẹ̀ bí ó bá ń dàgbà. Dókítà ọpọlọ àti iṣan ní ẹsẹ̀ náà le, ó fura sí cerebral palsy díẹ̀ (ìṣòro ìrìn àti ìṣípò ara tí ìpalára ọpọlọ ń fà), ó sì fẹ́ kí a fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Dókítà eegun ní iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ ló kúrú, pé bí P.O.P. (báńdéèjì líle tí a fi ń di ẹsẹ̀) kò bá nà án, a jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni. Ti àkọ́kọ́ ni bàbá rẹ̀ fara mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ara ọmọ yá gan-an o, ọwọ́ òsì ni ó fi ń ṣe gbogbo nǹkan láti ìgbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan, bíi bàbá rẹ̀. — Ìyá Àkọ́bí

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Gbólóhùn tí ẹ fi kásẹ̀ lẹ́tà yín nílẹ̀ ni ó dá mi dúró. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í sábà ní ọwọ́ tí ó yàn láàyò, ọwọ́ méjèèjì ni ó máa ń nà sí ohun tí ó bá wù ú. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń pa ọwọ́ kan tì, àwọn oníṣègùn máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ náà ni kò lágbára tó. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ yín ń pa tì, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ni gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, ó sì lè jẹ́ pé ọlọ́wọ́ òsì lásán ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ sọ èyí fún? Ó jọ pé kò sí.

Mi ò ní sọ pé dókítà àkọ́kọ́ kò mọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn le ni ń fi orí ìka rìn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, wọ́n sì ń fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì ni irú wọn sábà máa ń fi ṣe é, kì í ṣe ẹyọ kan. Bákan náà, nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, àárín nǹkan bí oṣù 8 sí 18 ni àwọn ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá bẹ̀rẹ̀ sí dá rìn, nítorí náà oṣù 20 ti kọjá ibi tí a ti ń sọ pé kò sí nǹkan kan láìṣe àyẹ̀wò. Àfi bí ẹ bá bí i láìtọ́jọ́, nítorí oṣù tí ó kù kí ó pé ni a máa ń yọ kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kí a tó ṣírò.

Ní ti àwọn méjì yòókù, n kò rí ibi tí wọ́n ti ta ko ara wọn. Bí àṣẹ tí ń ti ọpọlọ wá bá ń mú kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun le ní gbogbo ìgbà, iṣan tí ó so ó mọ́ gìgísẹ̀ lè kúrú bí ọmọ ti ń ga. Ọ̀kan ń sọ ohun tí ó lè fà á, èkejì ń sọ ibi tí ó yọrí sí.

Ẹ má tíì wá dókítà kẹrin. A máa ń wá wọn kiri títí a ó fi rí ẹni tí yóò sọ ohun tí a fẹ́ gbọ́. Ẹ gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi fóònù ya fídíò ọmọ láìwọ bàtà, níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì yà á nígbà tí ó ń dìde láti ilẹ̀, kí a lè rí i bóyá ó ń fi ọwọ́ ti itan kí ó tó nàró. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá dókítà ọpọlọ àti iṣan, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ aṣáájú, kí ó sì bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí lára ọmọ tí ó fi sọ ohun tí ó sọ, àti ohun tí ó lè mú un yí èrò rẹ̀ padà. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò fún CK (èròjà kan tí iṣan tí ó bàjẹ́ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀), àyẹ̀wò kékeré tí ń tú àṣírí àìsàn iṣan kan tí ń mú kí ọmọkùnrin pẹ́ kí ó tó rìn.

Ọmọ kékeré kì í dúró jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n sábà máa ń fún un ní oògùn oorun, nítorí náà ẹ tọ́ láti béèrè ohun tí èsì rẹ̀ yóò yí padà nínú ìtọ́jú. Bí wọn kò bá sì rí àbùkù kankan nínú àwòrán náà, ìyẹn kò fi hàn dájú pé kì í ṣe cerebral palsy.

Fisiotẹ́rápì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. N kò rò pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ta kò ó, kò sì dìgbà tí àìsàn bá ní orúkọ kí a tó máa na ẹsẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ fi dúró títí wọn yóò fi mọ ohun tí ó mú iṣan kúrú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ohun tí ọmọ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bóyá àtẹ̀gùn gígùn tàbí ọ̀rọ̀ sísọ, ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.