Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì kì í gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gba iná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mi fi ń kẹ́kọ̀ọ́ kì í gba iná dáadáa mọ́. Bí a bá ki í bọ iná lálẹ́, tí ilẹ̀ bá fi mọ́, 20% péré ló máa ń wọlé. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ní bátìrì rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gba iná, torí pé a kì í jẹ́ kó kú pátápátá ká tó ṣáájì rẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí a ti ń jẹ́ kó kú lójoojúmọ́, síbẹ̀ ó ń burú sí i ni. Orí ṣáájà fóònù kékeré mi ni a ń lò, pẹ̀lú okùn gígùn kan tí mo rà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Láfẹ́ńwá. Ṣé kí n ra bátìrì tuntun ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ má tíì ná owó kankan lórí bátìrì. Gbólóhùn tí ẹ sọ gbẹ̀yìn, ti orí ṣáájà fóònù kékeré, òun ni mo dì mú. Mo ń padà bọ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ “bátìrì ti gbàgbé” yìí ni kí ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá wí, torí ẹ̀yin ni ẹnì kẹrin tó máa gbé e wá bá mi lóṣù yìí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń tà á fáwọn èèyàn bí oògùn.

Bátìrì kan wà láyé àtijọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá mu. Nickel-cadmium ni wọ́n ń pè é, irú èyí tó wà nínú wokitọ́kì àti tọ́ọ̀ṣì oníná ìgbà yẹn. Bí ẹ bá ń ṣáájì òun láti ìdajì, ìdajì, lọ́jọ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé ìdajì yẹn ni òpin iná òun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká lò ó tán pátápátá. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, ìmọ̀ràn yìí bá fóònù wọlé, òun àti “ẹ ṣáájì rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ kí ẹ tó tan án.” Bátìrì yí padà, ìmọ̀ràn ò yí padà. Lithium ló wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ yín. Láti 1991 ni Sony ti kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ dé ọjà, kò sì ní àrùn ìgbàgbé kankan lára.

Ohun tí lithium kórìíra gan-an ni pé kí wọ́n máa pa á. Bó bá kún, bíi fóltì 4.2 ló sábà máa ń wà lórí. Bó bá ti sún mọ́ 3, ó ti tán nìyẹn. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó kọ 0% tó sì pa ara rẹ̀ ṣì fi díẹ̀ pamọ́ nínú bátìrì, kó má baà bàjẹ́. Ẹ wá gbé e jù sí àpótí fún oṣù bíi mélòó kan, díẹ̀ yẹn náà á jò tán. Pátákó kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì á wá já iná rẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ki í bọ iná, ojú rẹ̀ á dúdú kirikiri, àwọn kan á sì ní ó ti kú. Nígbà míì kò tíì kú o. Ẹ fi sílẹ̀ lórí ṣáájà tó dára fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bó okùn ṣáájà, kí òun fi ẹnu wáyà kan bátìrì ní tààrà kó lè ta jí, ẹ gba tábúlẹ́ẹ̀tì yín lọ́wọ́ rẹ̀. Iná ń sọ lára lithium tí wọ́n bá fipá bọ́.

Nítorí náà, láti òní lọ, ẹ dá pípa tí ẹ ń pa á lójoojúmọ́ dúró. Bó bá ti tó 20% sí 30%, ẹ ki í bọ iná. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mélòó kan, ẹ lè jẹ́ kó lọ sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì jẹ́ kó kún. Òǹkà ojú rẹ̀ nìyẹn máa tún ṣe, kì í ṣe bátìrì.

Ó wá ku orí ṣáájà. Ẹ wo ara rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Output sí. Bí ẹ bá bá 5V 0.5A níbẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ fóònù kékeré, 0.5A yẹn, tó jẹ́ 500 mA, ni ìwọ̀n iná tó lè tú jáde, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gba 5000 sí 8000 mAh (ẹ fi iye wákàtí sọ mA tó ń wọlé di púpọ̀, òun ni mAh). Ká ní 7000 ni tiyín: wákàtí 14 gbáko ni yóò gbà, a ò sì tíì yọ èyí tó ń di ooru dànù. Bí iná bá wà fún wákàtí 3 lóru, 1500 ló wọlé. Ẹ pín in sí 7000, 20% yín náà ni, ó lé díẹ̀. Kọ́ọ̀bù tíì ni ẹ fi ń pọn omi kún ìkòkò aró, ìyá wa. Bí ọmọ bá tún ń wo fídíò lórí rẹ̀ nígbà tó wà lórí iná, ó lè máa fà ju ohun tó ń wọlé lọ. Bóyá ìyẹn ló fi ń burú sí i.

Ẹ wá orí ṣáájà tó kọ 5V 2A, ó kéré tán. Ẹ má bẹ̀rù pé yóò jó o, tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń fa ìwọ̀n tó lè gbà. Okùn Láfẹ́ńwá yẹn náà, mi ò fọkàn tán an. Wáyà inú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, bó bá sì tún gùn, iná á ti rẹ̀ kó tó dé òpin. Okùn kúkúrú tó nípọn ni kí ẹ lò. Orí ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹ wò ó mọ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ okùn. Bí ẹ bá pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ń ṣe yín.

Ẹ tún yẹ ihò ṣáájà wò. Èmi ti yọ òwú aṣọ jáde nínú fóònù àwọn oníṣòwò aṣọ tó pọ̀ débi pé okùn ò lè wọlé délẹ̀. Ẹ pa tábúlẹ́ẹ̀tì ná, kí ẹ fi igi ìtayín rọra kó o jáde. Ẹ má lo abẹ́rẹ́. Ẹ má fi sábẹ́ ìrọ̀rí tó bá wà lórí iná, torí bó bá gbóná, fúnra rẹ̀ ni yóò dín iná tó ń gbà kù.

Mi ò tíì fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì yín o, mi ò lè búra. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò yí padà, ihò ṣáájà lè ti mì, tàbí kí IC, ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná lórí páńẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ti jó. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ihò wò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ bátìrì, kí wọ́n sì ṣí i lójú yín. Ẹ má ṣí i nílé.

Ohun kan ni kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lé orí tábìlì tó tẹ́jú lálẹ́ yìí. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wú, tí ojú rẹ̀ ń gbé sókè, tàbí tó ń mì jẹ́gẹjẹ̀gẹ lórí tábìlì, bátìrì ti wú nìyẹn. Ẹ má ki í bọ iná mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ gbé e sórí símẹ́ǹtì níta, níbi tí òjò ò ti ní pa á, kí ẹ jìnnà sí i pẹ̀lú gbogbo àdìrẹ yín títí ẹ ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.