Fóònù kan ṣoṣo ló fún ọmọ mi ní ìràwọ̀ kẹta

Ìyá wa kan tó ń gbé ní Houston ló béèrè. Ọmọ wọn ọkùnrin wà ní kíláàsì kọkànlá, ìràwọ̀ méjì péré nínú márùn-ún ni àwọn tó ń díwọ̀n àwọn ọmọ háískúùlù tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà fún un. Ọmọ kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní mẹ́rin. Káàǹpù kan wá ní kí wọ́n san 1,800 dọ́là, àwọn á bá wọn gbé ìràwọ̀ ọmọ náà sókè. Ṣé ìràwọ̀ yìí tiẹ̀ já mọ́ nǹkan kan tí yunifásítì bá ń wá ọmọ tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, àbí jìbìtì ni?

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san án. Mo ti san irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ má sì gbà fún àwọn tó ń sọ pé ìràwọ̀ ò já mọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni ìyẹn náà.

Bowie ní Maryland ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì máa ń ṣe. Ọmọ mi ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà títí ó fi wọ kíláàsì kẹsàn-án, torí ìyá rẹ̀ ní ọmọ tóun fi oṣù mẹ́sàn-án gbé kò ní lọ máa fi orí gbá orí ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin náà á ti ja ìjà yẹn nílé yín. Nígbà tó fi máa di kíláàsì kọkànlá, ó ti ga jù mí lọ, ó wọn 215 pọ́ùn, defensive end ló ń gbá, ìyẹn ẹni tó ń ti ẹ̀gbẹ́ lé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ìràwọ̀ méjì ni wọ́n fún un. Wọ́n tún kọ orúkọ rẹ̀ ṣì.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé ìràwọ̀ kẹta kiri bí ẹni ń lé ewúrẹ́ tó já okùn. Mo gba kóòṣì àdáni fún un. Mo sanwó fún ẹni tó ń to fídíò. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo ti ń wakọ̀ nìyẹn lórí òpópónà I-95, lónìí North Carolina, lọ́la New Jersey, ìrẹsì àti dòdò wà nínú kúlà lẹ́yìn ọkọ̀. Káàǹpù kan wà tí wọ́n búra fún wa pé àwọn tó ń fúnni ní ìràwọ̀ máa wà níbẹ̀. Ọmọ bí ọgọ́ta ló tò sórí ìlà kan. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó kan ọmọ mi. Tíṣáàtì tí wọ́n fún un níbẹ̀ ṣì wà nílé, òun ni ìyá rẹ̀ fi ń nu ilẹ̀ kíṣìnì. Láàárín ọdún méjì, owó tó bá a lọ lé ní 9,000 dọ́là, ìràwọ̀ ò kúrò ní méjì.

Lóṣù Kẹfà ọdún 2018, kóòṣì rẹ̀ ní háískúùlù fún un ní nọ́ńbà kan, ó ní kó pè é. Kóòṣì yunifásítì kan ni, lára àwọn FBS, ìyẹn àwọn ńlá. Ó ti wo fídíò ọmọ náà, ó sì sọ fún un lórí fóònù yẹn pé àwọn fún un ní offer, ìyẹn pé kó wá gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn, àwọn á fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ gbé e sórí Twitter lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, ìràwọ̀ kẹta dé. Kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn o. Fídíò àtijọ́ náà ni, ẹsẹ̀ tó fi ń sáré láàná náà ni. Inú ọkọ̀ mi ni mo wà níwájú ilé ìwòsàn, mo ń wo fóònù, mo ń dá rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Ibẹ̀ ló ti yé mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn tó ń díwọ̀n ní 247Sports, Rivals, ESPN àtàwọn yòókù máa ń wo fídíò, wọ́n máa ń lọ sí àwọn káàǹpù kan, wọ́n máa ń wo bí ọmọ ṣe ga tó àti bó ṣe máa sanra tó lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń wo ta ló ń wá ọmọ náà. Bí yunifásítì ńlá bíi Georgia tàbí Ohio State bá wá ọmọ kan wá, wọ́n mọ̀ pé èèyàn rẹpẹtẹ ló wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa yẹ ọmọ wò, àwọn tó ń díwọ̀n á sì gbé ìràwọ̀ tí wọ́n fún ọmọ náà sókè. N kò pe ìyẹn ní ojúsàájú. Èmi náà, tí mo bá rí ibi tí àwọn awakọ̀ tí ń jẹun, ibẹ̀ ni mo máa ń yà sí.

Bàbá mi ta kòkó ní Ilé-Olújì. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò á bu díẹ̀ látinú àpò, wọ́n á fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó ti bu tàbí kòkòrò ti jẹ ẹ́, wọ́n á wá sọ pé gréèdì kìíní ni tàbí ìkejì. Tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún àpò ni, ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú hóró kan ṣoṣo jáde látinú àpò gréèdì kejì, kí ẹ ní kí wọ́n sọ bó ṣe rí nínú kí wọ́n tó là á. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún àpò la kọ́kọ́ máa sọ. Ní 247Sports, bí ọmọ 32 péré ló máa ń ní ìràwọ̀ márùn-ún lọ́dún, torí 32 ni NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, máa ń mú ní ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Àwọn oní mẹ́rin jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mélòó kan, àwọn oní mẹ́ta sì lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọn ọmọ háískúùlù tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí lé ní mílíọ̀nù kan, nítorí náà ọmọ tó bá tiẹ̀ ní mẹ́ta ti kúrò láàárín èrò. Akọ̀ròyìn kan, Bud Elliott, ló máa ń ka iye àwọn oní mẹ́rin àti oní márùn-ún láàárín àwọn tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan gbà láàárín ọdún mẹ́rin. Alabama tó gba ife ní sáà 2020, Georgia ní 2021 àti 2022, Michigan ní 2023, Ohio State ní 2024: gbogbo wọn ló ní ju ìdajì lọ. Ẹni tó bá ní ìràwọ̀ ò wúlò, kó lọ sọ fún kóòṣì tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ torí pé kò rí àwọn oní mẹ́rin kó jọ.

Hóró kọ̀ọ̀kan wá ńkọ́? Ẹ wo àwọn ọmọ Yorùbá nìkan. Olu Fashanu láti Waldorf, ìtòsí wa níbí, ìràwọ̀ mẹ́rin ló gbé lọ sí yunifásítì Penn State, kílọ́ọ̀bù New York Jets sì mú un ní ipò 11 lọ́dún 2024. Wọ́n díwọ̀n rẹ̀ dáadáa. Olusegun Oluwatimi, háískúùlù DeMatha ní Hyattsville ló ti jáde. Kò sí ariwo kankan nígbà tó lọ sí yunifásítì Air Force, ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Virginia, ó tún lọ sí Michigan, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington, tí wọ́n ń fún àwọn tó dára jù lára àwọn tó ń gbá níwájú, lọ́dún kan náà, 2022. Foye Oluokun lọ sí Yale, níbi tí wọn kì í ti í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ torí bọ́ọ̀lù. Ìpele kẹfà ni Atlanta ti mú un ní 2018. Lọ́dún 2021, òun ló dá èèyàn wólẹ̀ jù ní gbogbo NFL, ẹ̀ẹ̀mejìléláàádọ́wàá, 192. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú Jacksonville, òun náà ni. Oluwole Betiku, ọmọ Èkó, wà lára àwọn tí wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀ jù ní 2016. Ó lọ sí USC, ìfarapa dà á láàmú, ó kọjá sí Illinois, ó sì gbá bọ́ọ̀lù tó dára níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí kílọ́ọ̀bù tó dárúkọ rẹ̀ nígbà tí NFL ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dárúkọ Josh Allen, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Buffalo Bills ní NFL, pé yunifásítì ńlá kankan ò fẹ́ ẹ nígbà tó jáde háískúùlù, òótọ́ ni. Hóró kan ni. Àwọn oní ìràwọ̀ méjì tó ń ta ìnṣọ́ránsì báyìí, ẹnikẹ́ni ò ka iye wọn.

Ibi tó dùn mí jù ni mo fẹ́ débẹ̀ báyìí. Ohun tí ìràwọ̀ ń rà fún ọmọ gan-an ni sùúrù àwọn èèyàn.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n lé olórí kóòṣì tó fún ọmọ mi ní offer. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ síwèé. Kóòṣì tuntun dé, ó kó àwọn ọmọ tirẹ̀ dání. Wọ́n pe àwọn oní mẹ́rin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ. Ọmọ mi pè wọ́n, wọn ò gbé e. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n kà á. Ọjọ́ kẹfà ni ọmọ kan ní ọ́fíìsì wọn dá a lóhùn pé àwọn 'ń tún ètò wò'. Offer ẹnu lásán ò de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, mà. Ọmọ mi tẹjú mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò jẹun dáadáa. Èmi tí mo ń tọ́jú aláìsàn, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Yunifásítì kékeré kan ló gbà á, lára àwọn FCS, ìyẹn ìpele tó tẹ̀ lé FBS. Kóòṣì wọn ti ń wá jókòó lórí pápá háískúùlù wọn láti kíláàsì kẹwàá, mi ò kà á sí, ojú mi wà lókè. Ó wá sílé wa lóṣù Kìíní, ó jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, ó bi wá bóyá wọ́n máa ń jẹ ewé rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n san nǹkan bí ìdajì owó ilé ẹ̀kọ́, torí àwọn FCS lè pín ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan sí méjì, sí mẹ́ta. Máàkì rẹ̀ ló mú ìyókù wá, a dúpẹ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ti parí nìyẹn. Kò parí. Ọmọ kan ti yunifásítì ńlá wá síbẹ̀ lọ́dún kejì, oní mẹ́rin láti háískúùlù. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi gbé e sípò ọmọ mi, bó ṣe ń ṣe é tì náà ni wọ́n ń sọ pé ó máa dára, ó máa dára. Ọdún kẹta ni wọ́n tó fi ọmọ mi sípò. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò rántí ìràwọ̀ mọ́, ohun tí fídíò bá ti fi hàn ni. Ó gbá a fún sáà méjì, èjìká rẹ̀ yẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀ńjínníà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́.

Fún ọmọ yín, nǹkan tún ti yí. Láti 2018 tí ètò transfer portal, èyí tí àwọn ọmọ fi ń kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn, ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá láti 2021 tí àwọn ọmọ ti lè máa gbowó lórí orúkọ wọn, kóòṣì tó bá fẹ́ defensive end lè lọ mú ọmọ ọdún 21 tó ti gbá a rí ní yunifásítì mìíràn. Láti 2025, ní àwọn yunifásítì tó gbà láti máa sanwó fún àwọn ọmọ náà fúnra wọn, iye tí wọ́n lè ní nínú ẹgbẹ́ kò tún gbọdọ̀ ju 105 lọ. Oní ìràwọ̀ méjì láti háískúùlù ló ń kọ́kọ́ rí i lára.

Nítorí náà, 1,800 yẹn, ẹ fi sí ọ̀rọ̀ ìwé. Kóòsì 16 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ń kà ní háískúùlù, ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ (GPA) nínú wọn kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 2.3 lọ fún Division I, ìyẹn ìpele tó ga jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ yìí bóyá gbogbo kóòsì rẹ̀ ló wọlé. Tí ẹ bá máa lọ sí káàǹpù, èyí tí yunifásítì fúnra wọn ń ṣe ni kí ẹ lọ, níbi tí kóòṣì tó máa gbà á ti ń fojú ara rẹ̀ wò ó. Tí wọ́n bá wá ní àwọn fún un ní offer, kí ọmọ náà bi wọ́n lójú ẹsẹ̀: 'Tí mo bá ní mo gbà lónìí, ṣé ẹ̀yin náà gbà?' Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ọmọ mi ní kí ẹ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó, kí wọ́n má fi orin sí i. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lòun á wò ó.