Ìṣọ́ra kì í ṣe ìtanù

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì tún un kà. Ẹ ní àbúrò yín mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé, bàbá yín ní kí wọ́n lọ wádìí ìdílé ọmọ náà, àbọ̀ ìwádìí sì ni pé wárápá ń ṣe é láti kékeré. Bàbá ní ó di èèwọ̀. Àbúrò yín fárí gá. Ẹ wá ń béèrè bóyá gbogbo ìgbà náà ló burú kí àwùjọ máa yàgò fún irú àwọn ènìyàn kan, nígbà tó jẹ́ pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ ní àwọn bàbá wa ò lè ṣàdédé máa sá fún nǹkan láìrí ohun tó ń lé wọn.

Wárápá ń ṣe èmi náà. Ó ti ń gbé mi kí n tó wọ ilé-ìwé. Télọ̀ ni mí nílùú Ìbàdàn, mo lọ́kọ, mo bímọ, àwọn ọmọ-iṣẹ́ sì wà lábẹ́ mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìdí wà. Mi ò ní bá yín jiyàn níbẹ̀ rárá. Ẹni tí wárápá ń ṣe lè ṣubú sínú iná, ó lè ṣubú sódò, ó lè já bọ́ lórí ọ̀kadà. Èmi ò kì í wa ọkọ̀, mi ò kì í gun àkàsọ̀. Bí mo bá wọ balùwẹ̀, mi ò kì í há ilẹ̀kùn láti inú. Mi ò kì í dáná sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí tábìlì ni gáàsì mi wà, apá ògiri ni mo máa ń kọ ọwọ́ ìkòkò sí, bó bá sì jẹ́ pé dòdò ni mo fẹ́ dín, àfi kí ẹnìkan wà nílé. Tìmùtìmù tí mo ń sùn lé lórí ò ga. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n má wa bọ́ọ̀sì akérò, kò kórìíra mi, kò sì tàn mí nù. Ẹ̀mí mi àti tàwọn èrò ló ń dá sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwùjọ ń sá fún dáadáa. Kì í ṣe iná, kì í ṣe odò. Itọ́ ni. Wọ́n ní itọ́ tó ń hó lẹ́nu ẹni tí wárápá gbé ṣubú ló ń ràn, pé ẹni tó bá fara kàn án, tàbí tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ti kó o. Irọ́ funfun báláú. Wárápá kì í ràn. Inú ọpọlọ ló ti ń wá: àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ránṣẹ́ níbẹ̀ á ṣàdédé máa rán an lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà, ara á sì máa gbọ̀n. Ó lè jẹ́ pé ìrọbí ìyá pẹ́ tí ọmọ ò sì tètè ké, ó lè jẹ́ ibà tó gun orí, ó lè jẹ́ yírùnyírùn, ó lè jẹ́ pé ẹni náà fi orí gbá nǹkan nínú jàǹbá ọkọ̀. Kòkòrò inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá máa ń fà á. Ní tèmi, wọ́n ní ibà ni.

Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ò mọ̀. Àwọn òbí mi ò sọ fún un, torí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá sọ, kò ní gbà mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi ni mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ bùbá oníbàárà kan, ó gbé mi. Áyọ́ọ̀nù ṣí, ẹyín iná dà, apá mi sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ojú mi là, kò sẹ́nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn wà níta, wọ́n fọwọ́ léra, wọ́n ń wò mí láti ojú fèrèsé. Òórùn ẹran ara mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kò sí ẹni tó nawọ́ fa apá kan ṣoṣo yẹn kúrò lórí iná, torí itọ́ wà lẹ́nu mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an ni kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi. Wárápá ló gbé mi ṣubú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù itọ́ ló jẹ́ kí apá mi wà lórí ẹyín iná títí tó fi bó dé ẹran. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń nàka sí àpá ọ̀hún: “Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí ohun tí wárápá ṣe fún un?” Àpá tí ẹ̀tanú dá sí mi lára ló di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń dá ẹ̀tanú láre. Àwọn àgbàlagbà kan ládùúgbò wa tiẹ̀ gbà pé wárápá tó bá ti kan iná, kò gbóògùn mọ́, pé kí àwọn òbí mi má wulẹ̀ náwó sí i. Bí bàbá mi bá gbọ́ tiwọn ni, ì bá ti parí. Tí wọ́n bá wá sọ fún yín pé àwọn bàbá wa rí nǹkan kí wọ́n tó sá, mo gbà pé wọ́n rí nǹkan. Àmọ́ apá kan nínú ohun tí wọ́n rí, sísá tí wọ́n sá ló fà á.

Báyìí náà ni ti ìfarapamọ́ ṣe rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ti fún mi lágbo ìtọ̀ màlúù, èyí tí wọ́n ń fi ewé tábà, aáyù, ẹfinrin àti àlùbọ́sà sè fún ọmọ tí gìrì bá gbé. Àwọn dókítà nílùú Ìbàdàn níbí ti ṣèwádìí lórí àgbo yẹn tipẹ́tipẹ́: ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, kì í sì jẹ́ kí ó mí bó ṣe yẹ. Ọmọ tó kú sínú rẹ̀ ò kéré, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ bà jẹ́ ò kéré. Wọ́n ti fi síbí ya mí lẹ́nu, eyín iwájú mi kan sì bá a lọ. Kí ló dé tí wọn ò gbé mi lọ sí ọsibítù? Torí ojú ayé ni. Bí wọ́n bá rí ìyá mi pẹ̀lú káàdì níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wárápá, ta ló máa fẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin? Nígbà tí a tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ìdájí ni a máa ń jáde, a ó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ìyá mi á sì fi ìborùn bo orí títí a ó fi wọ ọkọ̀.

Oògùn tí wọ́n ń fúnni lọ́sibítù ò sì wọ́n nígbà náà. Phenobarbitone ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ó ń kùn mí lóorun, mi ò lè jókòó ti maṣíìnì pẹ́, wọ́n wá yí i sí carbamazepine. Ìyẹn ló bá mi lára mu. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti gbé mi kẹ́yìn. Èmi nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ fún: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni wárápá ń ṣe lágbàáyé, àti pé a lè rí tó 70 nínú 100 wọn tí kò ní máa gbé ṣubú mọ́ bí wọ́n bá rí àyẹ̀wò àti oògùn tó yẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan o. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Igbó-Ọrà nílẹ̀ Ìbàràpá, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ìwé ìwádìí náà sì jáde lọ́dún 1987. Nínú ẹgbẹ̀rún kan ará ìlú, nǹkan bíi márùn-ún ló ní wárápá. Ní Ayétẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀, iye tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí fi ìlọ́po mélòó kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ torí pé ètò ìlera Igbó-Ọrà dára ju ti Ayétẹ̀ lọ. Ìbàràpá kan náà, ènìyàn kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé kọ́, àjẹ́ kọ́.

Ọ̀gá mi kejì wà ní Mọ́kọ́lá. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi sọ gbogbo rẹ̀ lójú mi kí wọ́n tó sanwó. Obìnrin náà fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ tó ń ṣe, ó kọjú sí mi, kò kọjú sí ìyá mi. Ó ní, “Báwo ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?” Mo ní màá máa gbóòórùn nǹkan tó ń jóná, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan ò jóná, lẹ́yìn náà ọwọ́ ọ̀tún mi á kú tipiri. Ó ní, “Tó o bá ti gbóòórùn yẹn, fi maṣíìnì sílẹ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ni ká ṣe fún ẹ?” Mo ní kí wọ́n fi mí dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n ká aṣọ sábẹ́ orí mi, kí wọ́n má fi ohunkóhun sí mi lẹ́nu, kí wọ́n wo aago, bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n wá ọkọ̀. “Kí ni o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?” Mo ní áyọ́ọ̀nù. Ó ní ó ti tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó kó àwọn ọmọ-iṣẹ́ jọ, ó ṣe é hàn wọ́n bí àwọn yóò ṣe yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó gbé mi lọ́dọ̀ rẹ̀ náà. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló yọ sísọ́ọ̀sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ká àjákù láínììnì sábẹ́ orí mi. Nígbà tí mo jí, maṣíìnì ń dún, wọ́n ń ránṣọ lọ. Oníbàárà tó wá gba aṣọ ẹbí rẹ̀ dúró títí mo fi dìde, ó kí mi kú ewu, ó gba aṣọ rẹ̀, ó lọ. Èmi kan náà, àìsàn kan náà, ṣọ́ọ̀bù méjì. Ọ̀gá kejì yìí ló ṣọ́ra fún wárápá. Ti àkọ́kọ́, èmi ló sá fún, kò sì fìgbà kan ṣọ́ra, torí bó bá ṣọ́ra ni, kò ní ṣòro fún wa láti sọ fún un, kò sì ní gbé áyọ́ọ̀nù lé mi lọ́wọ́.

Ẹ lè ní wárápá kì í ràn, àmọ́ èyí tó ń ràn ńkọ́? Ó dára, ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ń ràn ní tirẹ̀. Láyé tí kò sóògùn, tí wọ́n ní kí adẹ́tẹ̀ lọ máa gbé ẹ̀yìn ìlú, mi ò lè bú wọn, wọn ò ní ohun mìíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa lo oògùn alápapọ̀ tó ń wò ó, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún àwọn aláìsàn láti 1995. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kò pẹ́ tí kò fi ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Ìdí ti lọ. Ṣé ìtanù bá a lọ? Ẹni tó ti sàn, tí ìka rẹ̀ kan gé, ẹ lọ wò ó bóyá wọ́n á jẹ́ kó ta ẹ̀kọ lọ́jà. Títí dòní a ṣì ń fi adẹ́tẹ̀ tí kò lè fún wàrà tó lè dà á nù pòwe sí ẹni tí a bá fẹ́ tàbùkù rẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di nǹkan bí 1971 kí wọ́n tó ṣàtúnṣe òfin tó gbà wọ́n láàyè láti tú ìgbéyàwó ká nítorí wárápá, bẹ́ẹ̀ oògùn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn látọjọ́ pípẹ́.

Ní ti ìwádìí ìdílé, ẹ̀tọ́ bàbá yín ni kí wọ́n béèrè. Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù? Àwọn méjèèjì ló ń lọ ṣàyẹ̀wò. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, dókítà á sọ fún wọn pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ń pinnu lé lórí, kò sì sí ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ti wárápá, aládùúgbò kan ló sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, wọn ò pe ọmọ náà kó fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti dá. Ìdílé ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ mi ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Wọn ò wá sọ fún wa. Wọn ò kàn wá síbi ìdána tí a ti se oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Irú wárápá kan wà tó ń rìn nínú ìdílé lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí àwa tí a ní in bá bí, kò ní ṣe wọ́n. Àwọn tèmi ń sáré kiri.

Nítorí náà, bí bàbá yín bá fẹ́ béèrè, kí wọ́n béèrè ohun tó ní ìdáhùn. Ìgbà wo ló gbé e kẹ́yìn? Oògùn wo ló ń lò, ṣé ó sì ń lò ó déédéé? Ọsibítù wo ni káàdì rẹ̀ wà? Kí àbúrò yín bá a lọ sí kíníìkì lọ́jọ́ tó bá kàn, kó jókòó níwájú dókítà pẹ̀lú rẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ náà pé kó dá oògùn dúró kí ìgbéyàwó tó dé, bó ṣe pásítọ̀ bó ṣe àfáà, torí ẹni tó bá ṣàdédé dá a dúró, ó lè gbé e léraléra láìdáwọ́ dúró, ìyẹn sì lè pa á. Bó bá wá jẹ́ pé valproate ni wọ́n fún ọmọ náà, kí wọ́n tètè sọ fún dókítà pé àwọn fẹ́ bímọ, torí oògùn wárápá yẹn lè ṣèpalára fún ọmọ inú. Kí wọ́n bá a sọ ọ́ kí oyún tó dé, kí ó lè yí i sí òmíràn, kó sì fún un ní folic acid.