Táyé ń fẹ́ Murphy, Kẹ́hìndé ń fẹ́ Murphy: ṣé ẹbí kan náà ni wọ́n?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Màmá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Ireland, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Àwọn ìbejì mi, obìnrin làwọn méjèèjì, iṣẹ́ ló gbé wọn lọ sí Dublin nígbà tí wọ́n jáde yunifásítì. Kérésì tó kọjá, Táyé mú ọmọkùnrin kan wálé, ọmọ dáadáa ni, ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, ó jẹ iyán, ó ní kí wọ́n tún bù sí i, Murphy lorúkọ ìdílé ẹ̀, Wexford ni wọ́n ti wá. A ò tíì sọ̀rọ̀ ìyẹn tán tí Kẹ́hìndé náà fi pè mí lórí WhatsApp pé òun náà ti rí ẹni tó wu òun, mo ní kí lorúkọ bàbá ẹ̀, ó ní Murphy! Cork ni ti èyí. Mo jókòó pẹ́ẹ́.

Bàbá wọn ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé ọmọ ìyá méjì ò gbọ́dọ̀ wọ agboolé kan náà lọ́kọ, ìjà ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó sì ti gbọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè pé ká wádìí ìdílé dáadáa ká tó gba ẹnikẹ́ni láyè. Àwọn ọmọ kàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni, wọ́n ní Mọ́mì, Murphy pọ̀ bí iyanrìn. Mo wá lọ wo Google, ọ̀rọ̀ tún wá dà rú mọ́ mi lójú, Murphy òṣèré, Murphy ọtí, Murphy bẹ́ẹ̀dì, kódà Eddie Murphy tó dúdú bíi tiwa. Ta làwọn èèyàn yìí gan-an? Ṣé ìdílé kan ni? Ṣé ilé ọba ni wọ́n ti wá àbí báwo? Báwo lẹni tó ń gbé níbẹ̀ ṣe ń mọ ẹbí ẹ̀ tí orúkọ bá pọ̀ tó báyìí? Orúkọ wo làwọn ọmọ-ọmọ mi sì máa jẹ́? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ìyá Bọ̀dé, Cork

Màmá Ìbejì, ẹ kú oríire o, ìyàwó méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa ra aṣọ ẹbí gan-an ni! Ẹ bá mi sọ fún Dádì pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Cork níbí tí mò ń gbé, Murphy ló kọjú sílé wa, Murphy ló ń tún mọ́tò wa ṣe, Murphy méjì ló kọ́ Bọ̀dé níwèé, wọn ò sì bára wọn tan. Wexford àti Cork tí wọ́n dárúkọ fún yín yẹn gan-an ló tún jẹ́ kó rọrùn, torí orúkọ yìí ò ti ibì kan ṣoṣo jáde, ibi bíi mélòó kan ló ti hù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì yẹn sì wà nínú ẹ̀.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Murchadh, orúkọ àbísọ ni láyé ijọ́un, orúkọ akọni, jagunjagun orí òkun ni ìtumọ̀ ẹ̀, àwọn ọmọ ọba àti ìjòyè wọn sì fẹ́ràn ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ ìdílé, orúkọ bàbá ńlá tó lókìkí ni wọ́n ń mú, wọ́n á fi Ó ṣíwájú, ìyẹn ni pé ọmọ-ọmọ lágbájá ni, tàbí kí wọ́n fi Mac, ìyẹn ọmọ lágbájá. Ó Murchadha, Mac Murchadha. Ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn o, ẹ má fojú surname tiwa wò ó, tiwa tó jẹ́ pé àwọn míṣọ́nnárì àti ilé ìwé ló sọ ọ́ di dandan, tí ẹ̀gbọ́n á máa jẹ́ Ògúnbọ̀dé tí àbúrò ẹ̀, ọmọ bàbá kan náà, á máa jẹ́ Johnson. Lọ́dọ̀ tiwọn, ó wà nínú ìwé ìtàn pé olóyè kan tó ń jẹ́ Ó Cléirigh kú lápá Galway ní 916, wọ́n sì ka orúkọ yẹn mọ́ àwọn surname tó pẹ́ jù ní Yúróòpù.

Torí náà ibikíbi tí Murchadh kan bá ti di èèyàn ńlá, àwọn ọmọ ẹ̀ á di Ó Murchadha, kò kan Murchadh tó wà nílùú kejì. Ti Wexford wà, Ballaghkeen létí òkun ni ilẹ̀ wọn. Ti Cork wà, apá Muskerry ni wọ́n pọ̀ sí jù. Ti Roscommon wà. Lókè lọ́hùn-ún ní Tyrone, Mac ni wọ́n ń jẹ́, Sligo náà ní Mac tiẹ̀. Ìgbà tí àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì dé tí ahọ́n wọn ò gbé e, wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ní Murphy, ó tán. Àkókò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ni Ó àti Mac já bọ́ lára orúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn, nígbà tó sì di nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1800 tí ìfẹ́ èdè àti àṣà wọn tún sọjí, àwọn Sullivan rẹpẹtẹ padà di O'Sullivan, àwọn Murphy ò dá a lóhùn, O'Murphy ṣọ̀wọ́n títí dòní. Àwọn kan máa ń sọ pé láti ìran Wexford ni ti Cork ti ya, ká tiẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn nìyẹn, ta ló máa torí ẹ̀ dá ìgbéyàwó dúró? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ò ní í fẹ́ ọmọ Ifẹ̀ torí Odùduwà nìyẹn.

Ní ti ilé ọba, ẹ rọra o. Ọba Leinster kan wà, ìyẹn apá ìlà oòrùn Ireland tí Wexford wà nínú ẹ̀, Diarmait Mac Murchada lorúkọ ẹ̀, ìran kan náà ni pẹ̀lú àwọn ará Wexford yẹn. Wọ́n lé e kúrò lórí oyè ní 1166, ló bá sọdá lọ bá Henry Kejì ọba Gẹ̀ẹ́sì pé kó yá òun lọ́mọ ogun. Ní 1169 àwọn jagunjagun Norman, ìran àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, wá gúnlẹ̀ sí Wexford láti ràn án lọ́wọ́, ọdún kejì ni ọ̀gá wọn tí wọ́n ń pè ní Strongbow dé, Diarmait fún un ní Aoife ọmọ ẹ̀ láya, ó sì ṣèlérí pé òun ló máa jọba Leinster tẹ̀ lé òun. Diarmait kú ní 1171, àwọn àlejò ò lọ mọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn Àfọ̀njá àti Ìlọrin á ti mọ irú ẹnu tí wọ́n fi ń dárúkọ ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n kí Dádì má lọ sọ fún àna Táyé pé bàbá ńlá wọn ló ta ilẹ̀ o, àwọn ọmọ Diarmait fúnra ẹ̀ ò jẹ́ Murphy, Kavanagh àti Kinsella ni ìran wọn dà. Ẹni tí Wexford fi ń yangàn ni Fadá John Murphy ti Boolavogue, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó kó àwọn àgbẹ̀ jáde, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọjú ìjà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1798, oṣù keje ọdún yẹn ni wọ́n pa á ní Tullow. Ìyẹn lẹ lè dárúkọ, ara wọn á yá gágá.

Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀, àwọn ọmọ yín ò parọ́ rárá. Ìjọba fi orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1890 ṣírò iye èèyàn tó ń jẹ́ surname kọ̀ọ̀kan ní gbogbo Ireland, Murphy ló gbé ipò kìíní, nǹkan bí 62,600, Kelly tẹ̀ lé e pẹ̀lú 55,900. Lóde òní náà, tí CSO tó ń ṣèṣirò fún ìjọba bá gbé surname àwọn ìkókó jáde, Murphy la máa ń rí lókè. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà lé ní 300,000, ìyàn ló kó púpọ̀ wọn débẹ̀. Pòtétò jẹrà lóko láti 1845 lọ, ó tó mílíọ̀nù kan èèyàn tó kú, mílíọ̀nù kan míì àti jù bẹ́ẹ̀ wọkọ̀ ojú omi sá lọ, Cobh tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí sì ni ọ̀pọ̀ ti ṣíkọ̀. Ẹ tiẹ̀ wo nǹkan, àwa nílé ń pe pòtétò yẹn ní Irish, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì ní inagijẹ kan tí wọ́n ń pè é, murphy ni.

Eddie Murphy tẹ́ ẹ rí, oríṣiríṣi ọ̀nà làwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi dẹni tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó, oko ẹrú sì pọ̀ nínú ẹ̀, torí náà surname nìkan ò lè sọ ẹ̀jẹ̀ ẹni. Òṣèré kejì, Cillian Murphy tó gba Oscar ní 2024, ọmọ Cork níbí ni. Ọtí yẹn náà, Cork, láti 1856. Ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ jàre.

Ìbéèrè tiyín tó dùn mọ́ mi jù ni ti bí wọ́n ṣe ń mọ ẹbí. Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kí wọ́n tó mu tíì àárọ̀ tán wọ́n á ti ṣí RIP.ie, ibẹ̀ ni wọ́n ń kéde òkú sí ní gbogbo ilẹ̀ yìí, gbogbo wọn ló ń kà á. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan tí Murphy bíi mélòó kan kú pọ̀, wọ́n ń fìka wọ́ ọ lọ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, wọn ò tiẹ̀ wo surname, orúkọ ìletò tí olóògbé ti wá ni wọ́n ń wò, lẹ́yìn náà orúkọ tí ìyàwó ń jẹ́ nílé bàbá ẹ̀ kó tó wọlé ọkọ, torí wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i. Wọ́n á ní èyí kì í ṣe tiwa, èyí kì í ṣe tiwa, hẹn-ẹ́n, èyí, mo mọ ìyá ẹ̀! Bí wọ́n ṣe gbé fóònù nìyẹn, wọ́n ń béèrè ìgbà tí ìsìnkú máa jẹ́. Ìletò yẹn, townland ni wọ́n ń pè é, òun ni agboolé tiwọn. Tí Murphy bá wá kún ìletò kan náà, inagijẹ ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi orúkọ bàbá àgbà pe ẹ̀ka kan, wọ́n á pe èkejì ní Rua torí irun bàbá ńlá wọn pupa, wọ́n á pe òmíràn ní Bán torí tiẹ̀ funfun. Ilé àrọko ò ní nọ́ńbà, 2015 ni Eircode, kóòdù póòsì tiwọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó tó dé, lẹ́tà tí wọ́n bá kọ Murphy sí lára, àfi kí ará póòsì mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Nítorí náà tí Dádì bá fẹ́ wádìí, kí wọ́n má béèrè surname mọ́. Kí wọ́n ní kí ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan kọ townland bàbá bàbá ẹ̀ sílẹ̀, àti orúkọ tí ìyá bàbá ẹ̀ ń jẹ́ kó tó relé ọkọ, kí wọ́n tún lọ sí ìran kan sí i tó bá ṣeé ṣe. Kí wọ́n wá ṣí ètò ìkànìyàn 1911, National Archives tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ìjọba gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ máa rí fọ́ọ̀mù yẹn gan-an bí olórí ilé ṣe fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ẹni tó lè kàwé, ẹni tó ń sọ èdè Irish, ìyàwó ilé á sì ní ibi tí wọ́n kọ iye ọmọ tó bí láàyè sí, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ iye tó ṣì wà láyé. Ti 1901 náà wà. Ẹ má wá tọdún 1841 tàbí 1851 lọ o, àwọn yẹn jóná fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pamọ́ sí ní Dublin gbiná ní 1922 lásìkò ogun abẹ́lé wọn, ìwé ìrìbọmi ìjọ Àgùdà wà lára ohun tó kù téèyàn lè fi tọ ẹ̀yìn lọ, ilé ìkàwé ìjọba ti gbé ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa rí i pé kóówá wọn ló lójú ilé tiẹ̀.

Orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ọwọ́ àwọn òbí ọmọ ló wà, òfin gbà kó jẹ́ ti bàbá, kó jẹ́ ti ìyá, kó sì jẹ́ méjèèjì pọ̀. Tèmi ni pé kí wọ́n so méjèèjì pọ̀, ojú àwọn ará ibí ti mọ́ orúkọ wa, Rhasidat Adeleke ló ń sáré fún wọn, gbogbo ọmọdé ló lè pè é. Àwọn ìyàwó náà ò fi dandan yí tiwọn padà, àmọ́ tí Táyé bá fẹ́ lo ti èdè Irish, Ó Murchú, bí wọ́n ṣe ń kọ Ó Murchadha lóde òní, lọkọ ẹ̀ máa jẹ́, òun á jẹ́ Uí Mhurchú, ọmọ wọn obìnrin á jẹ́ Ní Mhurchú, nínú ilé kan náà o, ẹ wá sọ fún ẹ̀gbọ́n Dádì ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé ẹbí kan ni wọ́n! Ẹ fi ọjọ́ ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ránṣẹ́ sí mi, Cork sí Dublin ò ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ, èmi àti Bàbá Bọ̀dé á yọjú.