Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Iṣẹ́ Alábòójútó Ìwádìí Yẹ Onímọ̀ Ojú Ọjọ́?

Ìbéèrè: Mo gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́. Fásitì kan ní kí n wá máa bójú tó ètò ìwádìí wọn lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi àtijọ́ ní iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni, pé ìmọ̀ mi yóò ṣòfò. Kí ni kí n ṣe? Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: A dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ gba iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ pé ìwé kíkọ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbà pé ìmọ̀ yín yóò ṣòfò. Àkọsílẹ̀ 30 ọdún ni àwọn onímọ̀ kárí ayé fi ń mọ bí ojú ọjọ́ ibì kan ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ọdún díẹ̀ ni owó ìrànwọ́ ìwádìí sábà máa ń gbé; alábòójútó ni kì í jẹ́ kí àkọsílẹ̀ náà já nígbà tí owó kan bá tán tí òmíràn kò sì tíì dé.

Ẹ wo òṣùwọ̀n òjò tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí oko. Ewé lè dí ẹnu rẹ̀, bátìrì ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ sì lè kú láàárín oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an. Bí ètò ìṣúná kò bá ní owó ọkọ̀ ẹni tí yóò lọ tún un ṣe, òjò oṣù náà ti lọ nìyẹn, kò sì sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè wọ̀n ọ́n mọ́. Ẹni tó mọ bí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ṣe ń ba ìṣirò jẹ́ ni yóò rántí kọ owó bátìrì sínú ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ owó.

Irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí yín. Àjọ WASCAL, tó ń ṣèwádìí lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ìjọba Jámánì ń ràn lọ́wọ́, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Accra, ní ètò ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé lórí ojú ọjọ́ ní FUTA, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ó sì ní òmíràn lórí omi ní Abomey-Calavi, ní Benin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí kan àwọn tó ń sọ Faransé, nítorí náà ẹ tètè kọ́ èdè Faransé.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ yín yóò parí lọ́jọ́ tí owó ìrànwọ́ bá parí. Ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀yin náà yóò máa yẹ àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ wò, kì í ṣe rìsíìtì nìkan.