Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ojú Ọ̀run Morrowind

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ lóṣù yìí dá lórí Morrowind, géèmù tí Bethesda gbé jáde lọ́dún 2002. Ìkùukùu rẹ̀ kò dán mọ́ lójú skíríìnì òde òní, ọ̀pọ̀ nínú yín sì rò pé texture (àwòrán tí a fi ń bo ojú ohun inú géèmù) ńlá ni oògùn rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Alpha (apá àwòrán tó ń sọ ibi tó hàn àti ibi tí a ti ń rí òdìkejì) tó mọ́ àti àwọ̀ tó bára mu ló ń ṣiṣẹ́ jù. Títóbi fáìlì ló gbẹ̀yìn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó texture ojú ọ̀run tuntun sínú Data Files\Textures bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, àmọ́ ìkùukùu àtijọ́ ni mo ṣì ń rí. Kí ló fà á?

Déètì fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Inú Morrowind.bsa, àpótí fáìlì tí a ń pè ní BSA, ni àwọn àwòrán géèmù náà wà. Bí texture tí ẹ kó wọlé bá ní déètì tó ti pẹ́ ju ti BSA lọ, BSA ni géèmù máa tẹ̀lé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wa géèmù náà sórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń bọ́ sínú èyí, torí pé BSA rẹ̀ máa ń gbé déètì tuntun. Wrye Mash, ètò kan fún títo mod (àfikún tí àwọn èèyàn ń ṣe fún géèmù), ní àṣẹ kan tó ń dá déètì àwọn BSA padà sẹ́yìn. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Tí kò bá yí padà, ẹ wò ó bóyá fódà ti di Textures\Textures, kí ẹ sì yẹ orúkọ fáìlì wò. Orúkọ ìkùukùu ni Tx_Sky_Clear, Tx_Sky_Cloudy, Tx_Sky_Foggy, Tx_Sky_Overcast, Tx_Sky_Rainy, Tx_Sky_Thunder, Tx_Sky_Ashstorm àti Tx_Sky_Blight. Bloodmoon, àfikún géèmù náà, fi Tx_BM_Sky_Snow àti Tx_BM_Sky_Blizzard kún un. Ẹ máa rí i pé .tga ni Morrowind.ini, fáìlì ètò géèmù náà, kọ sí ìdí wọn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú, .dds, irú fáìlì àwòrán mìíràn, náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tó ń lo OpenMW, ẹ́ńjìnì mìíràn tí a lè fi ṣí Morrowind, kò ní wàhálà déètì. BSA ló máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá níbẹ̀, fáìlì inú fódà ló ń borí rẹ̀; nínú openmw.cfg, fáìlì ètò rẹ̀, ìlà data= tó bá wà lẹ́yìn ló ń borí èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Mo fi fọ́tò ojú ọ̀run ṣe ìkùukùu fúnra mi nínú GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe. Etí rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ sì kún fún igun mẹ́rin kéékèèké. Kí ni mo ṣì ṣe?

Àrùn méjì ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ìwòsàn wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú etí dúdú. Àwọ̀ búlúù ojú ọ̀run kò sí nínú fáìlì ìkùukùu. Orí sky_atmosphere.nif (.nif ni fáìlì ìrísí ohun inú géèmù) ni búlúù yẹn wà, sky_clouds_01.nif ló sì ń gbé ìkùukùu kọjá níwájú rẹ̀. Alpha ló ń pinnu ohun tí a máa rí: níbi tó bá ti jẹ́ 0, búlúù yọ, níbi tó bá ti jẹ́ 255, ìkùukùu bò ó. Bí ẹ bá fi dúdú sábẹ́ ibi tí alpha ti jẹ́ 0, dúdú yẹn ò lọ síbì kankan. Nígbà tí káàdì àwòrán bá ń po píksẹ́lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀, dúdú náà máa jò sí etí ìkùukùu.

Nítorí náà, ẹ má lo írésà. Ẹ fi àwọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun kun gbogbo ojú àwòrán, bíi 235,235,235, kí ẹ wá fi Layer Mask (ìbòjú tó ń pinnu alpha) gé ìrísí ìkùukùu. Láti inú fọ́tò ni mask náà ti ń wá: Colors > Components > Decompose, ẹ yan RGB, kí ẹ mú ti pupa. Pupa kò pọ̀ nínú búlúù ojú ọ̀run, ó sì pọ̀ nínú funfun ìkùukùu, ìdí nìyẹn tó fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa ju ìmọ́lẹ̀ lásán lọ. Ẹ wá fi Levels ti dúdú wọlé títí ibi tí ìkùukùu kò sí máa fi di 0 gan-an. Tó bá ku 5 tàbí 10, gbogbo ojú ọ̀run máa dà bíi pé èéfín bò ó.

Àrùn kejì ti inú bí a ṣe ń fún DDS pọ̀ wá. DXT, ọ̀nà tí a fi ń fún DDS pọ̀, máa ń pín àwòrán sí igun píksẹ́lì 4 sí 4, àwọ̀ mẹ́rin péré ló sì ń gbà nínú igun kọ̀ọ̀kan. Ògiri tàbí àpáta lè fara mọ́ ọn. Ìkùukùu tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ kò lè fara mọ́ ọn, á wá máa yọ àwọ̀ ewé àti àlùkò lára. Ti alpha tún burú jù bí ẹ bá yan èyí tí kò yẹ: alpha DXT1 kò mọ̀ ju kó wà tàbí kó má wà, ti DXT3 ní ìpele 16, DXT5 nìkan ló ń ṣí lọ́nà tó rọ ojú.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ fi fáìlì náà sílẹ̀ láìfún pọ̀. Iye rẹ̀ nìyí: 2048 sí 2048 ní DXT5 jẹ́ MB 4, láìfún pọ̀ ó jẹ́ MB 16. 4096 ní DXT5 náà jẹ́ MB 16. Mipmap (ẹ̀dà kéékèèké àwòrán náà fún ọ̀nà jíjìn) á fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú méjèèjì tó gba àyè kan náà yìí, 2048 tí a kò fún pọ̀ ni a máa mú láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára, ẹ lo DXT5, kí ẹ sì wọ́n noise (àmì wẹ́wẹ́ tí kò létò) díẹ̀ sí i kó tó di fífún pọ̀. BC7, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó tuntun jù, ńkọ́? Géèmù ayé DirectX 8 kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tó ń fi ètò AI fẹ texture àtijọ́ lójú, ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ wọn ń ju alpha nù. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ bí àwòrán dúdú-òun-funfun, ẹ fẹ méjèèjì, kí ẹ tó tún so wọ́n pọ̀.

Ìlà tààrà kan gba ojú ọ̀run mi kọjá, ó sì ń bá ìkùukùu rìn.

Etí àwòrán yín kò bára mu, ìdí nìyẹn tó fi hàn bí ojú ìránpọ̀ aṣọ òfì. Ẹ lọ sí Layer > Transform > Offset, ẹ yan ìdajì ní òró àti ní ìbú pẹ̀lú wrap around. Àgbélébùú ìsopọ̀ á bọ́ sáàárín. Ẹ fi Heal tàbí Clone pa á rẹ́ lórí àwọ̀ àti lórí mask, kí ẹ tún ṣe Offset lẹ́ẹ̀kan sí i láti yẹ̀ ẹ́ wò. A kò gbà yín níyànjú láti lo Tile Seamless, ó máa ń po ìkùukùu pọ̀ di bàìbàì. Ẹ tún yọ ìkùukùu ńlá kan ṣoṣo tó bá dá yàtọ̀, torí pé àwòrán náà ń tún ara rẹ̀ ṣe lórí skíríìnì.

Mo fẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ máa pọ́n. Ṣé kí n kun ìkùukùu ní àwọ̀ osàn?

Ẹ jọ̀wọ́, rárá. Àwọ̀ kùrukùru ni OpenMW fi ń kun ìkùukùu, wákàtí sí wákàtí. Texture tó bá ti ní osàn lára á máa pọ́n lọ́sàn-án gangan. Ẹ fi í sílẹ̀ ní funfun-eérú, kí ẹ lọ yí nọ́ńbà padà lábẹ́ [Weather Clear] nínú Morrowind.ini. Sky Day Color ibẹ̀ jẹ́ 95,135,203. Fog Day Color jẹ́ 206,227,255. Sky Sunset Color àti Fog Sunset Color ni tiyín. Ẹ jọ yí àwọ̀ ọ̀run àti ti kùrukùru padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé á pín sí méjì.

Nínú OpenMW, openmw.cfg ni ẹ ó yí padà, torí ibẹ̀ ni a kó àwọn nọ́ńbà náà sí, bí àpẹẹrẹ: fallback=Weather_Clear_Sky_Day_Color,95,135,203. Ẹ tún kọ sky blending = true sábẹ́ [Fog] nínú settings.cfg, òkè ọ̀nà jíjìn á wọ inú ọ̀run láìsí ìlà.

Mo pààrọ̀ ìràwọ̀, kò sí ìyàtọ̀. OpenMW ni mò ń lò.

Ẹ wá sky_night_02.nif nínú fódà Meshes gbogbo mod yín. Bó bá wà, òun ni OpenMW ń lò dípò sky_night_01.nif, ó sì lè máa pe texture mìíràn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, tàbí kí ẹ ṣí i nínú NifSkope, ètò tó ń ṣí fáìlì .nif, kí ẹ wo orúkọ tó ń pè.