Ta ni "ará ilé" nínú òwe kòkòrò búburú?

Ìbéèrè láti Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta: Kí ni ìtumọ̀ "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru"? Ǹjẹ́ ó bá ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ojú ọjọ́ tó dé Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé mu?

Ìdáhùn: Ó bá a mu dáadáa. Ẹ wo "ará ilé" ná. Nínú agbo ilé, ayálégbé àti àlejò tó sùn mọ́jú, ará ilé ni wọ́n, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yín. Hùrùhẹ̀rẹ̀ ni ariwo ẹni tí ohun tó jẹ ń dà láàmú lóru. Ẹnu ẹni tó jẹ kòkòrò ti dùn tán. Ẹni tí kò fọwọ́ kàn án ni kò rí oorun sùn. Bí èéfín tó ń yí ojú ọjọ́ padà ṣe ń ṣe aráyé nìyẹn.

Òfin ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1941, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ Amẹ́ríkà àti Kánádà lórí èéfín ilé ìyọ́rin kan ní Trail, ní Kánádà, sọ pé orílẹ̀-èdè kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́ kí èéfín ilẹ̀ rẹ̀ ba ilẹ̀ ẹlòmíràn jẹ́. Ní 23 oṣù Keje 2025, lórí ìbéèrè tí Vanuatu, orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré kan, ṣaájú rẹ̀, gbogbo adájọ́ 15 Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague fohùn ṣọ̀kan pé dídáàbò bo ojú ọjọ́ jẹ́ dandan. Orílẹ̀-èdè tó bá jẹ̀bi gbọ́dọ̀ ṣíwọ́, kó ṣèlérí pé òun kò ní tún un ṣe, kó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe tàbí kó san owó gbà-má-bínú. Ìmọ̀ràn ni o, kì í ṣe ìdájọ́. Ìjọba nìkan ló sì lè pe ìjọba lẹ́jọ́ níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ti gba kóòtù náà láyè. Amẹ́ríkà ti yọwọ́ nínú irú ìgbàláyè bẹ́ẹ̀ láti 1986.

Àìsí ẹ̀rí tó dájú ló ń dá ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ wọ̀nyí dúró. Nílé, a máa ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kóòtù kò gba ìyẹn. Bí odò Ògùn bá kún wọ Láfẹ́nwá, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á ní omi ìdídò Ọ̀yán ni, tàbí pé ojú omi lẹ kọ́lé sí, tàbí pé ọ̀rá ló dí gọ́tà. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí omi wọlé sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tó kún dé lára ògiri kó tó gbẹ. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ọjà tó bàjẹ́, kí ẹ sì bèèrè àkọsílẹ̀ òjò ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, torí ọdún kan ṣoṣo kò fi hàn pé ojú ọjọ́ ti yí padà.

Ará ìlú náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Abala 24 nínú ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn Áfíríkà, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní 1983, fún wa ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára. Òun ni Kóòtù ECOWAS ní Àbújá fi dá ìjọba Nàìjíríà lẹ́bi ní 2012 lórí ẹ̀gbin epo rọ̀bì ní Niger Delta, ẹgbẹ́ aráàlú ló sì pe ẹjọ́ náà.